Ìkorò Kọfí Kábà àti Ibi Tó Ti Ń Wọlé

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé irú ìkòkò wo ni kí òun rà kí òun lè máa po kọfí gidi nílé, èsì mi ni pé kó fi ìkòkò sílẹ̀ ná, kó lọ ra òṣùwọ̀n. Òṣùwọ̀n pẹlẹbẹ kékeré tí àwọn oníkéèkì fi ń wọn fúláwà àti bọ́tà ni mò ń wí, èyí tó ń ka gíráàmù kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń ta èròjà kéèkì ní í lọ́jà, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò dídán tí à ń rí lórí fóònù. Tí òṣùwọ̀n bá ti wà nílẹ̀, ohun ìlọkọfí ló kàn. Lẹ́yìn ìyẹn, kọfí tí a mọ ẹni tó ká a, tí a sì mọ ìgbà tí wọ́n yan án. Ìkòkò ló gbẹ̀yìn. Jọ́ọ̀gì tánganran kan àti asẹ́ tíì á gbé iṣẹ́ náà dé ibi tó dára fún oṣù púpọ̀.

Kábà ní ìpínlẹ̀ Kogí ni mò ń gbé, iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe, kọfí ni mo fi ń najú. Ẹni tó bá gba Ìjùmú kọjá nígbà ọyẹ́ á rí kọfí tí wọ́n sá sórí àpáta àti sí iwájú ilé. Síbẹ̀, bí àlejò bá wọlé tọ ọ̀pọ̀ wa wá tó ní òun fẹ́ mu kọfí, sásẹ́ẹ̀tì la ó fà ya. Àwọn tó ti tọ́ ti ọ̀dọ̀ wa wò máa ń ní ó korò jù, pé Robusta ni, ọ̀kan nínú irú kọfí méjì tó wọ́pọ̀ jù; èkejì ni Arabica. Òótọ́ ni, Robusta ni. Orí òkè Mambilla ní ìpínlẹ̀ Taraba, níbi tí ilẹ̀ ti ga tó sì tutù, ni Arabica ti ń ṣe dáadáa ní Nàìjíríà. Ilẹ̀ tiwa kò ga tó bẹ́ẹ̀, oòrùn ibẹ̀ mú, Robusta ló bá a lára mu. Káfíìnì, èròjà inú kọfí tó ń lé oorun lọ, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti Arabica nínú Robusta, káfíìnì sì korò lẹ́nu. N kò jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìkorò tó ń mú ènìyàn fajú ro, tó ń gbẹ ahọ́n, tó ń jẹ́ kí a wá ṣúgà kóóbù mẹ́rin, àwa la fi sínú rẹ̀. A fi díẹ̀ sí i níbi kíká, a fi díẹ̀ sí i níbi sísá, a fi èyí tó pọ̀ jù sí i lórí iná, a sì fi omi gbígbóná parí rẹ̀.

Àwọn òbí wa kò ní ìdí láti ronú nípa adùn rẹ̀. Ọjà ni kọfí lójú wọn. Ní 1977 ni ìjọba àpapọ̀ dá àjọ tó ń rí sí títa kòkó, kọfí àti tíì sílẹ̀. Ní 1986 ni wọ́n tú gbogbo irú àjọ bẹ́ẹ̀ ká. Láti ìgbà náà, oníkálùkù ló ń wá oníbàárà tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ gé igi kọfí wọn, wọ́n fi kajú tàbí kòkó rọ́pò rẹ̀, ta ni yóò sì bá wọn wí? Àwọn tí kò gé tiwọn ń ká a, wọ́n ń sá a, wọ́n ń dì í sápò fún ẹni tó bá wá rà á. Wọn kì í mu ún.

Màmá àgbàlagbà kan wà lọ́nà Ìyàmoyè tó jẹ́ pé ọwọ́ wọn ni mo ti ń ra tèmi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, mo kúnlẹ̀ kí wọn ní "Òkun, màmá," wọ́n dáhùn, wọ́n bi mí léèrè ọmọ ẹni tí mo jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọjà tó wáyé. Mo wá ní, "Màmá, ẹ̀yin fúnra yín ti mu kọfí yìí rí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Kí ni n ó máa mu ún fún? Títà là ń tà á." Mo rọ díẹ̀ sínú fúláàsì lọ fún wọn nígbà tí mo tún ń lọ, láìfi ṣúgà sí i. Wọ́n fi ẹnu kàn án, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní ó korò o, ṣùgbọ́n ó dà bí ewúro tí wọ́n fọ̀ kó mọ́. Mi ò tíì gbọ́ ẹni tó júwe Robusta tó dára jù báyẹn lọ.

Mo bẹ màmá pé kí wọ́n máa bá mi ya èyí tó pọ́n sọ́tọ̀. Èso kọfí kì í pọ́n pa pọ̀. Lórí ẹ̀ka kan náà, ẹ óò rí pupa, ẹ óò rí pupa rúsúrúsú, ẹ óò rí tútù. Ẹni tó ń kánjú á kàn fi ọwọ́ họ gbogbo ẹ̀ka sínú agbọ̀n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Hóró tí kò gbó kì í yan dáadáa, ó máa ń funfun láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì máa ń fún ẹnu pọ̀. Màmá ní iṣẹ́ ọwọ́ nìyẹn. Mo ní n ó san owó iṣẹ́ ọwọ́. Bí a ṣe parí rẹ̀ nìyẹn, mo sì ń san án títí di òní, torí kò sí ohun tí ènìyàn lè ṣe lórí iná tí yóò sọ èso tútù di pupa.

Ti sísá, ohun tó wà níbẹ̀ kò pọ̀ ṣùgbọ́n ó ṣe pàtàkì. Kọfí a máa fa òórùn mọ́ra. Orí àpáta kan náà tí a ń sá láfún sí ni a ń sá kọfí sí ní ọ̀dọ̀ wa, bí wọ́n bá sì sún mọ́ra jù, òórùn kíkan láfún á wọnú èso náà. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lásán ni, òórùn erùpẹ̀ ni yóò mú. Bí òjò àrọ̀kúrò bá pa á mọ́ òkìtì, yóò bu. Lórí ẹní tàbí tapólì tó mọ́, kí wọ́n tẹ́ ẹ fẹ́ẹ́rẹ́, kí wọ́n máa yí i lójoojúmọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, kí wọ́n kó o wọlé lálẹ́. Omi tó gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù nínú hóró kò ju nǹkan bíi 12 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Màmá kò ní ẹ̀rọ tó ń wọn ìyẹn. Etí ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Wọ́n á bu ẹ̀kúnwọ́ èso gbígbẹ, wọ́n á mì ín létí. Bí hóró inú rẹ̀ bá ń dún ṣáá-ṣáá nínú èèpo, ó ti yá odó.

Nílé, mo máa ń da kọfí tí wọ́n ti gún tí wọ́n sì ti fẹ́ sórí àtẹ, mo máa ń ṣà á bí a ṣe ń ṣa ẹ̀wà. Dúdú, jáde. Èyí tí kòkòrò ti lu ní ihò tíńtín, jáde. Èyí tó fọ́ wẹ́wẹ́ náà, jáde, torí yóò ti jóná kí odidi tó yan. Iṣẹ́ yìí kò dùn ún ṣe, ṣùgbọ́n bí rédíò bá ń sọ̀rọ̀, ó ń lọ.

Yíyan wá ni mo fẹ́ràn jù. Ibẹ̀ náà ni ìkorò ti ń wọlé jù, torí ìgbàgbọ́ tó wà nílẹ̀ ni pé kọfí gbọ́dọ̀ dúdú kó sì máa dán fún òróró kó tó lè jẹ́ kọfí. Agbada irin tó nípọn ni mò ń lò, ìta gbangba ni mo sì ń gbé e kalẹ̀ sí, nítorí èéfín rẹ̀ á lé gbogbo ará ilé jáde. Mo máa ń wọn 200 gíráàmù. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú agbada tèmi, ti ìsàlẹ̀ á jó nígbà tí ti òkè ṣì tútù. Iná kò gbọdọ̀ pọ̀ jù, ọwọ́ kò sì gbọdọ̀ dúró. Ọmọrogùn ni mo fi ń yí i, láti ìdí dé òkè, láìdáwọ́ dúró, kódà bí fóònù bá ń dún.

Àwọ̀ ewé ni hóró náà ní nígbà tó bá dé orí iná. Òórùn koríko gbígbẹ ló ń kọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mélòó kan, á pọ́n rúsúrúsú, òórùn náà á sì yí padà di ti búrẹ́dì tó ń jinná. Ìyàngbò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lára rẹ̀, atẹ́gùn á máa gbé e. Ó máa wá di àwọ̀ igi, ó máa wú. Ní bí ìṣẹ́jú kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá, ẹ óò gbọ́: pàù! Òmíràn á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà wọn óò máa ta léraléra nínú agbada. Ìtànù kìíní nìyẹn, omi àti afẹ́fẹ́ inú hóró ló ń wá ọ̀nà jáde. Bí a bá fi sílẹ̀ lórí iná, yóò dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ìtànù kejì á wá bẹ̀rẹ̀, ohùn ti ìyẹn rẹlẹ̀, ó sì yára, ṣẹ́rẹ́-ṣẹ́rẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni òróró ń yọ síta, adùn tó wà nínú rẹ̀ á sì ti di èédú.

Àwọn ìwé tí àwọn olólùfẹ́ Arabica ń kọ máa ń ní kí a sọ ọ́ kalẹ̀ kété tí ìtànù kìíní bá parí, tàbí ṣáájú kó tó parí gan-an. Fún Robusta tiwa, n kò gbà pẹ̀lú wọn. Bí ẹ bá sọ ọ́ kalẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀pà tútù àti ọkà ni ẹ óò máa tọ́ wò nínú ife. Àárín ìtànù méjèèjì ni mo fẹ́: kí kìíní ti dákẹ́ dáadáa, kí ìkejì má tíì sọ̀rọ̀. Ní ìwọ̀n iná tèmi, bí ìṣẹ́jú kan àbọ̀ ni ààyè náà. Ojú, imú àti etí ló ń ṣiṣẹ́ pa pọ̀ níbẹ̀. Bí mo bá gbé e kúrò, orí àtẹ ni mo ń dà á sí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kì í ṣe inú abọ́, nítorí hóró tó gbóná ń yan ara rẹ̀ lọ. Abẹ̀bẹ̀ àti atẹ́gùn á tutù ú, ìyàngbò á sì fò lọ. Tí mo bá tún gbé e lé òṣùwọ̀n, 200 yẹn á ti di bíi 165 tàbí 170. Bí ó bá lọ sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ dáadáa, mo ti mọ̀ pé ó ti dúdú ju bí mo ṣe fẹ́ kí n tó lọ̀ ọ́.

A kì í po ó lọ́jọ́ náà. Kọfí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yan kún fún afẹ́fẹ́ carbon dioxide, afẹ́fẹ́ yìí kì í sì í jẹ́ kí omi wọlé dáadáa. Bí ọ̀sẹ̀ kan ni mo ń fún Robusta kó fi sinmi nínú ike tó dé ṣinṣin. Mi ò kì í gbé e sínú fíríìjì. Òórùn ẹja wà níbẹ̀, gbogbo ìgbà tí a bá sì ṣí ike tó tutù, omi á máa lẹ̀ mọ́ ọn lára. Inú kọ́bọ́ọ̀dù tó ṣókùnkùn dára jù. Láàárín bí oṣù kan, ó ṣì dùn. Lẹ́yìn oṣù méjì, òórùn páálí ló kù.

Lílọ̀ wá jẹ́ ìṣòro fún ọ̀pọ̀ ènìyàn níbí. Ẹnìkan lè sọ pé ẹ̀rọ ìlọta wà nítòsí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e lọ síbẹ̀. Bí ó ti wù kí onílọta fọ ẹ̀rọ rẹ̀ tó, ata rodo àti àlùbọ́sà ni yóò bá yín délé. Bùléńdà tó ń lọ ata gbígbẹ nílé náà wà lábẹ́ òfin kan náà. Bí bùléńdà náà bá tiẹ̀ mọ́, gígé ló ń gé kọfí, kì í lọ̀ ọ́ dọ́gba: díẹ̀ á di ìyẹ̀fun, díẹ̀ á wà ní òkúta. Ìyẹ̀fun á ti tú gbogbo ìkorò rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí òkúta ṣì ń kan. Ife kan náà á wá korò, á sì tún kan. Ẹni tí kò bá ní nǹkan mìíràn ju bùléńdà lọ, kó máa tẹ̀ ẹ́ tó sì máa fi í sílẹ̀ léraléra, kó máa mì ín láàárín, lẹ́yìn náà kó fi asẹ́ tíì tó dí dáadáa jọ ìyẹ̀fun yẹn kúrò. Kí ó má ṣàánú ìyẹ̀fun tó dànù. Mo ti rí i lẹ́nu àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi pé ìyàtọ̀ rẹ̀ pọ̀ ju ìyàtọ̀ ìkòkò olówó ńlá lọ.

Èyí tí mò ń lò ni ẹ̀rọ kékeré alọ́wọ́yí, èyí tí eyín irin méjì ń lọ kọfí láàárín ara wọn. A lè sún eyín náà mọ́ra tàbí ká fà á jìnnà. Kò nílò iná, ìyẹn sì ni ìdí tí mo fi dúró ti ọ̀nà ọwọ́ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ kọfí. Iná ìjọba kò ṣeé gbọ́kàn lé níbi tí mò ń gbé, mi ò sì lè máa tan jẹnẹrétọ̀ nítorí ife kan. Ọmọ mi ọkùnrin ló ń yí i láàárọ̀ Sátidé. Owó ló ń gbà fún un o, ẹ má rò pé ìfẹ́ ni.

Ìwọ̀n tí mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ fún ife kan ni 15 gíráàmù kọfí sí 250 gíráàmù omi. Ó bọ́ sí bíi 60 gíráàmù sí lítà kan, èyí tí ọ̀pọ̀ tó mọ iṣẹ́ náà ń lò. Ìdí tí mo fi ń pariwo òṣùwọ̀n ni pé ṣíbí ń parọ́. Kọfí tó dúdú ti wú, ó sì ti gbẹ. Ṣíbí rẹ̀ kan fúyẹ́ ju ṣíbí kọfí tí kò dúdú púpọ̀ lọ. Ẹni tó ń fi ṣíbí wọn ọ́n á rí i pé kọfí òní dùn, ti ọ̀la kò dùn, kò sì ní mọ ohun tó yí padà. Omi pàápàá, orí òṣùwọ̀n ni mo ti ń dà á sínú jọ́ọ̀gì.

Omi náà tó ọ̀rọ̀. Ó lé ní 98 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó wà nínú ife. Inú ilẹ̀ olókùúta ni ọ̀pọ̀ kànga àti bọhóòlù agbègbè wa wà, àwọn kan sì wà tí omi wọn ń fi nǹkan funfun sílẹ̀ sí ìdí kẹ́tùlù. Irú omi bẹ́ẹ̀ ń pa ìwọ̀nba kíkan tó yẹ kó wà nínú kọfí, ti Robusta kò sì pọ̀ láti ilẹ̀ wá. Ohun tó bá kù nígbà náà, ìkorò tó tẹ́ ni. Omi òjò wà ní ìdàkejì: kò ní ohun alumọ́nì tó tó, kọfí rẹ̀ máa ń ṣófo lẹ́nu, ká má tíì sọ ti páànù òrùlé tó ti dípẹtà. Èyí tó bá mi lára mu ni omi inú ọ̀rá tí à ń pè ní piọ̀ wọ́tà, láti ọ̀dọ̀ ẹni tí omi rẹ̀ kì í rùn ọ̀rá. Mo dán oríṣiríṣi wò kí n tó rí ẹyọ kan tí mo dúró lé lórí.

Bí omi bá hó, mo máa ń gbé kẹ́tùlù kúrò lórí gáàsì, n ó ṣí ìdérí rẹ̀, n ó lọ gbé ife, n ó wá jọ́ọ̀gì. Bí ìṣẹ́jú méjì kọjá, omi á ti sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bíi 90 dígírì. Omi tó ṣì ń hó gan-an ń fa ìkorò jáde kíákíá, àgàgà lára kọfí tó dúdú. Ẹni tó bá yan tirẹ̀ ní fẹ́ẹ́rẹ́ lè lo omi tó gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sí wàhálà níbẹ̀.

Ọ̀nà jọ́ọ̀gì ni mo fi ń kọ́ àwọn ènìyàn, nítorí kò ní kọ́núnkọ́họ. Kọfí tí a lọ̀ gbàgìdì, tó tó gààrí tí kò kúnná, á wọnú jọ́ọ̀gì tí a ti fi omi gbígbóná ṣan. Kọ́kọ́ da omi tó ìlọ́po méjì kọfí lé e, kí gbogbo rẹ̀ rin. Ẹ wò ó dáadáa níbí: bí kọfí bá ṣì ní ẹ̀mí, yóò wú, yóò sì máa yọ èéhó. Afẹ́fẹ́ tó kù nínú rẹ̀ ló ń jáde. Bí ó bá kàn jókòó sílẹ̀ láìmira, ó ti pẹ́ jù nínú ike. Dúró fún bí ìdajì ìṣẹ́jú, kí o wá da omi tó kù. Bo jọ́ọ̀gì. Ní ìṣẹ́jú kẹrin, èèpá á ti dúró lókè; fi ṣíbí ro ó lẹ́ẹ̀kan, púpọ̀ á rì, kí o fi ṣíbí bu ìfófòó tó kù lókè dànù. Ẹni tí sùúrù wà lọ́wọ́ rẹ̀ á tún dúró fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta kí gbogbo rẹ̀ tòrò. Lẹ́yìn náà, rọra dà á gba inú asẹ́ tíì sínú ife, fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀. French press tí wọ́n ń tà kò ṣe ju èyí lọ. Ó kàn ní asẹ́ irin tí à ń fi ọwọ́ tì sísàlẹ̀ ni.

Àwọn kan máa ń béèrè bóyá àwọn lè lo aṣọ asẹ́ ògì. Ẹ lè lo aṣọ, ṣùgbọ́n kó jẹ́ tuntun, kó jẹ́ ti kọfí nìkan. Èyí tó ti sẹ́ ògì ti gba ìkan ògì, kò sí ọṣẹ tó lè mú un kúrò. Lẹ́yìn lílò, omi gbígbóná lásán ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kí ẹ sá a kó gbẹ.

Bébà asẹ́ ni èmi fúnra mi ń lò láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́. Obìnrin ará Jámánì kan, Melitta Bentz, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ìlú Dresden ní 1908. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ inú kọfí ti sú u, ó lu ihò sí ìdí ìkòkò bàbà, ó ya bébà tí ọmọ rẹ̀ fi ń fa yíǹkì kúrò lórí ìwé, ó tẹ́ ẹ sínú rẹ̀, ó da omi gbígbóná lé kọfí lórí. Gbogbo ìmọ̀ náà kò ju ìyẹn lọ. Bí mo ti jẹ́ olùkọ́, ọ̀rọ̀ bébà ilé ìwé yẹn máa ń dùn mọ́ mi. A kì í rí bébà asẹ́ rà ní Kábà lọ́jọ́ gbogbo; àbúrò mi ní Abuja ló ń fi mọ́tò ránṣẹ́ ọ̀pọ̀ rẹ̀ pa pọ̀. Ó tún ní ànfààní mìíràn. Òróró kan wà nínú kọfí tó ń jẹ́ cafestol, tó ń mú kí ọ̀rá burúkú inú ẹ̀jẹ̀, èyí tí dókítà ń pè ní LDL, lọ sókè. Bébà ń mú èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Asẹ́ irin kì í mú un. Nítorí náà, nígbà tí bàbá mi bá wá kí wa, tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wọn sì ti ń sọ̀rọ̀ ọ̀rá, bébà ni mo fi ń po tiwọn. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé bébà tún ti di oúnjẹ?" ni wọ́n máa ń wí, wọ́n á sì mu ún tán.

Níbi bébà, lílọ̀ rẹ̀ á kúnná díẹ̀ ju ti jọ́ọ̀gì, omi á sì máa wọ̀ ọ́ ní díẹ̀díẹ̀, láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́. Fi omi gbígbóná ṣan bébà náà kí òórùn rẹ̀ kúrò kí kọfí tó débẹ̀. Fún ife kan, bí ìṣẹ́jú méjì àbọ̀ sí mẹ́ta ló yẹ kí ó fi kán tán. Bí ó bá kán tán ní ìṣẹ́jú kan, omi sáré kọjá ni. Bí ó bá gba ìṣẹ́jú márùn-ún, ó ti kúnná jù.

Kọfí inú Moka pot, ìkòkò tí wọ́n ṣe ní Ítálì láti 1933, tí omi ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń gba àárín kọfí gòkè bó bá ń hó, máa ń le gan-an, àwọn tó bá fẹ́ da mílíìkì púpọ̀ sí i ló wúlò fún. Omi tó ti gbóná ni kí ẹ fi sísàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ má tẹ kọfí mọ́lẹ̀ nínú agbọ̀n rẹ̀, kí iná kéré, kí ẹ sì gbé e kúrò kété tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Pẹ̀lú Robusta, ó máa ń korò tete. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìyàwó mi kò gba nǹkan mìíràn.

Bí ife bá wá jáde tí kò dùn, ahọ́n ló ń sọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ohun kíkan ló ń kọ́kọ́ yọ́ sínú omi, adùn á tẹ̀ lé e, ìkorò á kẹ́yìn. Bí ó bá kan, tó sì ṣófo, omi kò tíì gba ohun tó tó: lọ̀ ọ́ kúnná sí i, tàbí jẹ́ kó pẹ́ sí i. Bí ó bá korò, tó ń gbẹ ẹnu, ó ti gba jù: lọ̀ ọ́ gbàgìdì sí i, tàbí jẹ́ kí omi tutù díẹ̀ sí i. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ yí padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó yí mẹ́ta padà pa pọ̀ tí kọfí sì dùn, kò mọ èyí tó mú un dùn. Bí ìkorò náà bá ní òórùn èéfín nínú, ẹ fi omi àti lílọ̀ sílẹ̀, orí agbada ló ti ṣẹlẹ̀, kò sí àtúnṣe mọ́ àfi kí ẹ fi mílíìkì bò ó.

Ti ṣúgà àti mílíìkì, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Robusta gba mílíìkì dáadáa, ó nípọn lẹ́nu, mílíìkì kì í borí rẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ àlejò ni pé kó tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan láìfi nǹkan sí i, kó tó na ọwọ́ sí agolo.

Ọ̀rọ̀ oorun náà ń bẹ. Ní bíi wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà lẹ́yìn tí ènìyàn mu kọfí, ìdajì káfíìnì rẹ̀ ṣì wà lára, ti Robusta sì pọ̀ láti ilẹ̀ wá. Àwọn ará ìjọ wa tó ń lọ sí ìṣọ́ òru ti mọ ilé mi, àwọn awakọ̀ tó ń gba ọ̀nà Ọ̀bàjànà lóru náà mọ̀ ọ́n. Àwọn yẹn, mo ń po fún wọn ní alẹ́. Ẹlòmíràn tó bá dé lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ife kékeré ni n ó fún un, bí ó bá sì jẹ́ aboyún tàbí ẹni tí ọkàn rẹ̀ máa ń sáré, tíì ewé lẹ́mọ́ọ̀nù ni n ó gbé kaná.